Dùǹdù Tí Àǹtí Àdùkẹ́ Fún Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé, Yèyé mi. Ẹ kú ilé, gbogbo ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin àbúrò mi tí mi ò tíì mọ orúkọ yín tán. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Muṣin níbí. Orúnkún mi wà nílẹ̀ lóòótọ́, torí orí àpótí ni mo gbé ìwé lé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo sì wà tí mo fi ń kọ ọ́. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Yèyé ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé òjò ń rọ̀ fún yín dáadáa ní Iléṣà? Níbí, òjò ti pọ̀ ju èyí tí ilẹ̀ lè mu lọ. Láti ọjọ́ mélòó kan ni aṣọ wa ti wà lórí okùn tí kò gbẹ.

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà mi. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tí ọmọ bá kọ sí bàbá rẹ̀, ṣe ló yẹ kí wọ́n lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ rán sí Àǹtí Àdùkẹ́, àbúrò yín, ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti jẹ́ ẹ fún wọn. Àwọn tó wá ra búrẹ́dì tí Àǹtí ń ṣe gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Yábà ti gbọ́, àwọn tó wà ní Ẹ̀búté Mẹ́tà náà ti gbọ́. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ojú mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi lẹ́tà tí wọ́n lẹ pa tún ohun tó bàjẹ́ lójú ọjà ṣe. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síta nìyẹn.

Ẹ má sì fi èdè mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà lẹ fi mí ránṣẹ́ sí Sàró nígbà tí mo kéré, sọ́dọ̀ Màmá Sàró, aya ọ̀rẹ́ yín, pé kí n lè mọ̀wé. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo gbé lẹ́nu lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì gbé bọ̀. Nígbà tí mo dé Èkó, tí ẹ ní kí n máa gbé lọ́dọ̀ Àǹtí, kí n wá iṣẹ́ tíṣà, mi ò lè ra ata kí wọ́n má fi mí ṣẹ̀sín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa èdè bàbá mi jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà tó dà sínú iyanrìn. Àǹtí ló ń bá mi ṣà á. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ọwọ́ wọn gbà tí mi ò lè fi sílẹ̀, òun gan-an ló sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àwọn. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ó rẹ̀ mí, mi ò sì lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń gbé níbí. Láàárọ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Muṣin lọ sí Yábà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ábídí. Títì ọ̀hún gún régé, ilé tuntun wà lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹrẹ̀ á ti gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi, màá gbé e lọ́wọ́ bí ẹni ra ẹja bọ̀. Ohùn mi a máa há kó tó di ọ̀sán. Bí mo bá dé, àpò ìwé nìkan ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù. Àǹtí ń bẹ nídìí ààrò, fúláwà ń bẹ nínú ọpọ́n. A ó da omi sí i, iyọ̀, ṣúgà, àti ẹmu ọ̀pẹ tó ti kan díẹ̀. Ẹmu náà ló ń mú un wú. Ìyá Ràfátù, aládùúgbò wa, Mùsùlùmí tòótọ́ ni wọ́n, wọn kì í sì í fi búrẹ́dì Àǹtí ṣeré láàárọ̀. Wọ́n ní àwọn ò bèèrè ohun tó ń mú un wú, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún àwọn.

A ó wá máa pò ó. Pípò yìí ló ń gba agbára. Èjìká á máa ta èèyàn, òógùn á máa kán, èéfín ààrò á gba ojú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀nà Mákòkó wá, òórùn ẹja yíyan á tún dàpọ̀ mọ́ ọn, èèyàn ò ní mọ̀ bóyá ebi ló ń pa òun tàbí òun fẹ́ bì. Owó oṣù tíṣà kò pọ̀. Ìwọ̀nba ni mo fi rán Bọ̀dá Ajéwọlé, aláṣọ wa, sí yín, kí Yèyé fi ra ohun tí wọ́n á fi pa ẹsẹ̀. Ẹ má wò ó pé ó kéré.

Ní ti àdánìkanwà, kì í ṣe pé mi ò rí èèyàn. Agbo ilé kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, tàbí ọmọ Sàró. Wọ́n máa ń nu àga kí n tó jókòó. Bí mo bá yọ síbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á dákẹ́, wọ́n á kí mi dáadáa. Ìkíni dáadáa yẹn rẹ̀ mí ju ìrìn Yábà lọ.

Àárín ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ dùǹdù, etí ni mo sì kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ, ẹ̀yìn mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ orúkọ tí ẹ ń pè é ní Iléṣà. Níbí, dùǹdù ni. Èèyàn á di ìkúùkù, ṣùgbọ́n kò ní fi eegun ìka lù ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ni, níbi tó lẹ́ran, níhà ọmọńdinrín. Kò ní ibòmíràn tó ń bọ́ sí ju àárín èjìká méjèèjì lọ. Yóò dún gbì, bí ìgbà tí wọ́n sọ àpò fúláwà kalẹ̀ láti orí. Ariwo rẹ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. Ojú ni ti ìgbájú, orí ni ti ìkó, ẹ̀ṣẹ́ jẹ́ ti àwọn tó ń jà. Ẹ̀yìn nìkan ni ti dùǹdù, ẹ̀yìn ẹni tí kò retí rẹ̀.

Ohun tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé wọ́n fún un ní dùǹdù. Mo bi Àǹtí pé kí ló dé tó fi dà bí ẹni pé ẹ̀bùn ni. Wọ́n ní ohun téèyàn ń fúnni ni, kí n yé da ìbéèrè lu àwọn, kí n gbé ọpọ́n.

Òkèlè há ọmọdé lọ́fun, wọ́n á fún un ní dùǹdù kí òkèlè lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó yẹ kó jí tí kò jí, dùǹdù. Ẹni tó sọ ohun tó pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, èyí tó bá sún mọ́ ọn jù á fún un ní dùǹdù, bí ẹni pé ó ṣẹ̀. Bàbá Ràfátù tí wọ́n ń ránṣọ ní iwájú ilé, ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọn ò tíì fojú kàn láti ọjọ́ pípẹ́ dé láti Ìjẹ̀bú. Ọkùnrin náà ò tíì sọ̀rọ̀ tí Bàbá Ràfátù ti dìde nídìí ẹ̀rọ, wọ́n yí sẹ́yìn rẹ̀, gbì. Wọ́n ní olè, ṣé o ṣì wà láyé ni. Ọkùnrin náà ní òun ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ kú kí òun lè jogún ẹ̀rọ ni. Àwọn méjèèjì wá di ara wọn mú, wọn ò fi ara wọn sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ti ìbínú náà wà. Ọmọ tó bá yọ ẹran nínú ọbẹ̀ á jẹ dùǹdù, kò sì ní dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo èyí tí mo rí pẹ̀lú ojú mi, ti ìbínú ló kéré jù.

Ó ní ẹni tí wọn kì í fún ní dùǹdù. Ọmọdé kì í fún àgbà. Ìyàwó ilé kì í fún ìyá ọkọ, ìyá ọkọ tó bá sì gbọ́n kì í fún ìyàwó. Àlejò kì í jẹ dùǹdù rárá. Ẹni tí wọ́n bá ń nu àga fún, ẹ̀yìn rẹ̀ lè wà níbẹ̀ títí tí yóò fi kọ́ ilé, kò sí ọwọ́ tí yóò kàn án. Èèyàn ò sì lè tọrọ rẹ̀. Nígbà tí omi pá mi lórí ní oṣù tí mo dé, gbogbo ilé dìde, wọ́n fi ife onígíláàsì bu omi fún mi, wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Mo mu omi náà. Mo wọ yàrá, mo sì dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ tí mo jẹ tèmi àkọ́kọ́, ìdí ọpọ́n ni. Èyí tí mo pò ṣàn, kò di mú. Àǹtí wò ó, wọ́n ní ó dà bí ẹrẹ̀ Ìdí-Àràbà. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá bá mi lẹ́nu, mo ní bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ ni, kí wọ́n wá fi mọ ilé. Mo sọ ọ́ tán, ẹ̀rù bà mí, torí àgbà ni wọ́n. Gbì. Mo dojú kọ ọpọ́n, irun mi wọ inú fúláwà. Nígbà tí mo máa fi gbórí sókè, Àǹtí ti ń rẹ́rìn-ín débi tí omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, ẹnu ti ń dé. Bàbá mi, láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Sàró, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti délé.

Ó wá ku èyí tí Bọ̀dá Ajéwọlé rí.

Ẹ mọ Bọ̀dá Ajéwọlé, èèyàn wa tó ń kiri aṣọ láti Iléṣà títí dé Èkó. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún yín. Wọ́n ní àwọn rí Àǹtí tí wọ́n di ìkúùkù, tí wọ́n lù mí lẹ́yìn ní gbangba, tí mo bú sẹ́kún, tí mo jókòó sílẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n tún ní àwọn rí àpá funfun lẹ́yìn mi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orígun ilé Bàbá Ràfátù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí nígbà náà, pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó yọ, wọn ò rí i.

Mo ti ilé ìwé dé, mo bá ọkùnrin kan tó dúró dè mí níwájú ààrò. Ọkọ̀ ojú omi ló bá dé láti Sàró. Ó ní òun kò mú ohun rere wá. Ó ní Màmá Sàró ti kú, pé wọ́n ti sin wọ́n kí ọkọ̀ tó ṣí. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣí fìlà, ó sì lọ, torí ó ní ibòmíràn tó ń lọ.

Ẹ̀yin lẹ bí mi, Bàbá mi, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n Màmá Sàró ló di irun mi láti kékeré títí mo fi lè di tara mi. Wọ́n tọ́ mi dáadáa. Wọ́n kọ́ mi pé ọmọbìnrin kì í sunkún níta, pé bí ohunkóhun bá dé, kí n na ẹ̀yìn mi gbọọrọ, kí n pa ẹnu dé, kí n máa wo ọ̀kánkán. Mo ṣe bí wọ́n ti kọ́ mi. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé lọ́wọ́, mo na ẹ̀yìn, mo ń wo ọ̀kánkán. Àwọn oníbàárà ń bi mí pé kí ló dé, mi ò lè dá wọn lóhùn. Mo wá Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè fi sunkún, mi ò rí i. Mo wá Yorùbá, èyí tí mo ti ṣà jọ kò tíì tó ẹkún. Ohun kan dúró sí mi láyà bí eegun ẹja, mi ò lè mí dáadáa mọ́.

Àǹtí jáde láti ìdí ọpọ́n pẹ̀lú fúláwà lọ́wọ́. Ìyá Ràfátù, tí Gẹ̀ẹ́sì yé díẹ̀, ti gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà wí, wọ́n sì ti sọ ọ́ sí Àǹtí létí. Àǹtí ò bi mí léèrè ohunkóhun. Wọ́n yí sẹ́yìn mi. Mi ò rí wọn, mo kàn gbọ́ gbì, ẹ̀yìn tí mo nà gbọọrọ náà ṣẹ́, ẹkún jáde. Ẹkún tí mi ò mọ̀ pé ó wà níkùn mi. Mo jókòó sínú iyanrìn. Àǹtí jókòó tì mí, wọ́n gbé orí mi lé itan. Wọ́n ní ó tó kó jáde, jẹ́ kó jáde, kò sí ẹni tó ń lé ọ. Àwọn tó wá ra búrẹ́dì sì dúró, kò sí èyí tó béèrè búrẹ́dì nínú wọn.

Ìgbà tí Bọ̀dá Ajéwọlé yọ nìyẹn. Àpá funfun tí wọ́n rí lẹ́yìn mi, Bàbá mi, fúláwà ni. Aṣọ búlúù ni mo wọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ẹkún ti rẹlẹ̀, mo bi Àǹtí bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Wọ́n ń fi igi tó kù sínú ààrò. Wọ́n wá sọ ọjọ́ tí ìyá tó bí ẹ̀yin àti àwọn kú fún mi. Wọ́n ní àwọn kéré, gbogbo ilé ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún ò wá fún àwọn. Àwọn lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn di ìgbálẹ̀ tí ìyá àwọn fi gbálẹ̀ láàárọ̀ mú, àwọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Àwọn àgbà ní ọmọ yìí láyà bí òkúta. Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n àwọn, ìyẹn ẹ̀yin, ti oko dé pẹ̀lú àdá léjìká. Ẹ fi àdá lélẹ̀, ẹ rìn wá sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ yí sẹ́yìn wọn, ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lù wọ́n láàárín èjìká. Wọ́n ní ẹkún já bí òjò. Wọ́n ní ẹ pọ̀n wọ́n lọ sí odò, ọ̀dọ́mọkùnrin bíi tiyín, ẹ pọn ọmọ bí obìnrin, ẹ ò bìkítà ẹni tó rí yín. Àǹtí ní àwọn ò mọ orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Ìgbà tí àwọn dé Èkó ni àwọn gbọ́ pé dùǹdù ni.

Bàbá mi, ọwọ́ yín ni. Ọwọ́ tó lù mí lẹ́yìn ní Muṣin, ọwọ́ yín ló kọ́ ọ.

Gbogbo èyí ni mo ti mọ̀ kí iṣẹ́ yín tó dé. Ọ̀sán ni, ojú ààrò kún. Bọ̀dá Ajéwọlé sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ní bí ẹ ṣe rán àwọn gan-an ni àwọn máa jẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí ìránṣẹ́. Wọ́n ní ẹ ní kí Àdùkẹ́ gbọ́, pé ẹ ò rán ọmọ yín lọ sí Sàró kó tó wá di ẹni tí wọ́n ń lù bí ẹrú nídìí ààrò. Pé bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, kí n di ẹrù mi máa bọ̀. Wọ́n wo ilẹ̀, mo rí i pé kò wù wọ́n láti sọ èyí tó kù. Wọ́n sọ ọ́: pé ẹni tí kò bímọ kò lè mọ ohun tí ẹ̀yìn ọmọ jẹ́.

Obìnrin kan tó ti na ọwọ́ gba búrẹ́dì fa ọwọ́ padà. Ìyá Ràfátù ló kọ́kọ́ fọhùn. Wọ́n ní ṣé wọn kì í jẹ dùǹdù ní Iléṣà ni, àbí inú ẹyin ni wọ́n ti ń pa ọmọ níbẹ̀ tí ẹ̀yìn wọn fi ń tètè fọ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí nu ọwọ́ sí ìró. Wọ́n ní àwọn gbọ́, kí Bọ̀dá Ajéwọlé bá àwọn kí Ẹ̀gbọ́n àwọn. Wọ́n fi búrẹ́dì tó gbóná sínú ewé, wọ́n kó o fún wọn fún ojú ọ̀nà, wọn ò gba owó.

Nígbà tí ilé dá, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ti ẹ̀yìnkùlé, ti àdá, ti odò, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n àwọn ni, àwọn ò lè dá wọn lẹ́bi lójú oníbàárà. Ohun tí wọ́n sọ mọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí ti ń bọ̀wọ̀ fún mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè jẹ́ kó yé yín bí ó ti burú tó. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á ní, Tíṣà, oúnjẹ yín ti wà lórí tábìlì. Ẹ̀yin, fún èmi tí wọ́n gbé orí mi lé itan. Wọ́n ní kí n má pò fúláwà mọ́, kí ẹ̀yìn má baà dùn mí. Wọ́n tún gbé ife onígíláàsì jáde. Mo ń ti Yábà dé lọ́sàn-án, mo ń jókòó sórí àga tí wọ́n ti nù, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dá pò ó, àwọn nìkan, èjìká wọn ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á ní ẹ jókòó. Mo ti gbìyànjú láti sọ ohun tó lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọwọ́ wọn á wà nínú ọpọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, eegun ẹja há mi lọ́fun. Eegun gidi ni, ojú mi pọ́n, mi ò lè sọ̀rọ̀. Àǹtí fò dìde, wọ́n yí sẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìró aṣọ wọn bí ọwọ́ wọn ṣe gòkè. Mo tẹ orí ba, mo ń retí rẹ̀. Kò bọ́. Ọwọ́ náà dúró lókè. Mo gbọ́ tí wọ́n ń mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n figbe pe Ìyá Ràfátù, àwọn yẹn sáré wọlé, wọ́n fún mi ní dùǹdù náà, eegun bọ́. Ìyá Ràfátù wá bínú sí àwa méjèèjì. Wọ́n ní ṣé kí ọmọ kú tán kí ọ̀wọ̀ tó parí ni. Àǹtí wọlé lọ, wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ yín ló di ọwọ́ náà mú lókè. Kò sí ẹlòmíràn tó lè tú u sílẹ̀.

Bí ẹ bá ní kí n bọ̀, màá bọ̀. Mi ò ní ṣàìgbọràn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán Bọ̀dá Ajéwọlé padà. Kí wọ́n wá lọ́sàn-án, nígbà tí ojú ààrò bá kún, kí ẹnu tó gbé ti àkọ́kọ́ wá náà gbé èyí wá. Ẹ ò nílò láti sọ púpọ̀. Bí wọ́n bá lè sọ pé ẹ̀yin rántí ẹ̀yìnkùlé, pé ẹ rántí ìgbálẹ̀ yẹn, á yé Àǹtí. Àwọn tó kù lè má mọ ìdí rẹ̀, kò ṣe nǹkan. Wọ́n á rí ojú Àǹtí.

Àǹtí mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí yín. Mo bi wọ́n bí iṣẹ́ kan bá wà tí wọ́n fẹ́ rán. Wọ́n ní kò sí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n kí yín, kí n sọ fún yín pé ẹ̀yìn àwọn náà ṣì wà níbẹ̀ o, pé ó ti pẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ti wá sí Èkó.

Èmi náà ní ẹ̀yìn. Bí lẹ́tà yìí bá jẹ́ àfojúdi, bó bá jẹ́ pé ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójú ayé, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí mi. Ẹ dúró títí mo fi máa dé, kí ẹ yí sẹ́yìn mi, kí ẹ fún mi fúnra yín. Ẹ ò tíì fún mi rí. Mo ti kúrò nílé kó tó yá.

Kí Olódùmarè fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Kí ẹsẹ̀ Yèyé tún tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí òjò tó ń rọ̀ ní Iléṣà jẹ́ òjò ire. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kí ẹ ní mo gbọ́ ti ìkómọ, ọmọ náà á dàgbà lójú wa. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kí gbogbo ará àdúgbò, àti àwọn tó ń bèèrè mi tí mi ò mọ̀. Ìyá Ràfátù ní kí n kí yín, wọ́n ní àwọn ò bínú sí Iléṣà mọ́, ó kù díẹ̀.

Òjò ti dá. Àǹtí ti kó fúláwà jáde, wọ́n ń bu ẹmu sí i. Mi ò lọ jókòó sórí àga. Ilẹ̀ níwájú wọn ni mo wà tí mo fi ń kọ èyí tó kù, mo kẹ́yìn sí wọn. Ẹ̀yìn mi sún mọ́ wọn dáadáa, bí wọ́n bá na ọwọ́, á tó o.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìbídùn.